Orúkọ Tí Wọ́n Tà, Ṣọ́ọ̀bù Tí Kò Ṣí

Gbólóhùn tí wọ́n fi ń ta orúkọ Burgerim kò gùn: òwò tó ti pé sínú páálí ni, ẹ ṣáà tú u, kí ẹ máa tà. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣòwò rí láyé rẹ̀ gan-an lè ṣe é. Bọ́gà kékeré ni wọ́n ń tà, irú èyí téèyàn lè fi ẹnu méjì mẹ́ta jẹ tán. Ẹni tó bá ń ṣàríyá lè ra mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tò ó sínú páálí fún un. Israel ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oren Loni fi gbé e dé California, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ náà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, tàbí ẹni tó lè rí owó yá.

Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní franchise. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ lẹ rà, orúkọ rẹ̀ lẹ yá, pẹ̀lú ọ̀nà tó ń gbà se oúnjẹ, ọ̀dà tó fi ń kun ògiri àti aṣọ tó ń wọ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹ ó san owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa yọ ìdá kan fún olórúkọ nínú gbogbo ohun tí ẹ bá tà, ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o. Nígbà náà, owó ìwọlé Burgerim sábà máa ń wà láàárín 50,000 sí 70,000 dọ́là. Wọ́n máa ń dín in kù fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ sójà rí. Wọ́n wá ṣe ìlérí kan tó fi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn balẹ̀: bí ṣọ́ọ̀bù yín kò bá ṣí, owó yín yóò padà wá.

Nínú oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lórúkọ FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Ìwé ẹ̀sùn náà sọ pé èèyàn tó lé ní 1,500 ló ra orúkọ Burgerim, pé púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò rí ṣọ́ọ̀bù kankan ṣí, àti pé ilé-iṣẹ́ náà ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ wọn. Owó tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí i gbà. Kí ọdún 2019 tó parí ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń mì tìtì. Loni ti kúrò ní Amẹ́ríkà, àwọn tó sanwó sì ń tẹ fóònù tí ẹnikẹ́ni ò gbé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ nípa irú ọ̀ràn báyìí pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ oṣù, tó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jọ, tó wá ń wá òwò tí yóò fi ojú ara rẹ̀ mójú tó, kì í ṣe olójúkòkòrò. Ohun tó fẹ́ gan-an ni kí ewu rẹ̀ kéré. Ìdí nìyẹn tí kò fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, tó fi lọ yá orúkọ ẹni tó rò pé ó ti mọ ọ̀nà. Bóyá olórúkọ náà mọ ọ̀nà lóòótọ́, inú ìwé tí òfin ní kí wọ́n fún olùrà ni ìdáhùn wà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un ojú ewé tó yẹ kó ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà láàárín ọjọ́ tí ẹ sanwó ìwọlé àti ọjọ́ tí ẹ ta bọ́gà àkọ́kọ́. Ẹ ó wá ṣọ́ọ̀bù, onílé yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí ẹ fi orúkọ ara yín dúró fún owó náà, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ ó gbé àwòrán ilé ìdáná lọ fún ìjọba ìlú. Wọn á béèrè ẹ̀rọ tó ń fa èéfín lókè ààrò, pẹ̀lú ohun tó ń pa iná lára rẹ̀. Wọn á béèrè àpótí tó ń gba ọ̀rá sílẹ̀ kó má baà dí ojú omi ìlú. Ilé tí kò bá jẹ́ ilé oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kò ní èyíkéyìí nínú wọn, owó tó sì máa ń gbà láti fi wọ́n síbẹ̀ lè ju owó ìwọlé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Báǹkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yá irú owó bẹ́ẹ̀, báǹkì a sì ní kí wọ́n fi ilé tí wọ́n ń gbé dúró. Bí báǹkì bá kọ̀, tàbí tí onílé yí ohùn padà, níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà kú sí. Olórúkọ sì ti gba tirẹ̀.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó béèrè bóyá bọ́gà náà dùn, ẹ béèrè ibi tí olórúkọ ti ń jẹun. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe ń gba ilé ní Èkó yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ: lánlọ́ọ̀dù tó ń retí owó ilé lọ́dọọdún yóò tún òrùlé ṣe bó bá ń jò, ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì tó ti gba kọmíṣọ̀n rẹ̀ kò ní í gbé fóònù yín mọ́. Olórúkọ tó jẹ́ pé ìdá tó ń yọ nínú títà yín ló ń jẹ, ebi yóò pa á bí ẹ kò bá tà. Èyí tó jẹ́ pé owó ìwọlé ló ń jẹ, oníbàárà rẹ̀ ni ẹ̀yin fúnra yín, bọ́gà kàn wà níbẹ̀ ni. Ó ti ta ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé.

Ọ̀nà láti mọ̀ wà, òfin ló sì là á. Láti 1979 ni FTC ti ní kí ẹni tó bá ń ta franchise ní Amẹ́ríkà fún olùrà ní ìwé ìfihàn kó tó gba owó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tún òfin náà ṣe ní 2007, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ olùrà fún ọjọ́ 14, ó kéré tán, kó tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí san kọ́bọ̀. Orí 23 ló ní. Ó nípọn, ó sú èèyàn, ọ̀rọ̀ lọ́yà ló kún inú rẹ̀. Ojú gbogbo ẹni tó bá gbà á máa ń lọ sí orí 19 nítorí ibẹ̀ ni olórúkọ ti lè sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń pa. Ó lè sọ ọ́, òfin kò fi dandan lé e. Bí orí 19 bá ṣófo, tí ọmọ iṣẹ́ tó ń tajà fún yín sì ń pe iye owó kan fún yín lẹ́nu, ó ti ń ṣe ohun tí òfin kò fẹ́.

Orí 20 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Tábìlì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ iye ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, iye tó tì, iye tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, láàárín ọdún mẹ́ta. Ìkarùn-ún ni àwọn èèyàn máa ń fò nítorí pé ó dà bí àsọtẹ́lẹ̀ lásán: iye ṣọ́ọ̀bù tí olórúkọ rò pé yóò ṣí lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òpó kejì nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni òfin ní kó kọ iye àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tíì ṣí. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù 40 tó ń ṣiṣẹ́, tí òpó yẹn sì sọ pé 400 ló wà nílẹ̀ tí kò tíì ṣí. Ẹ ò nílò lọ́yà kí ẹ tó béèrè bí èèyàn mélòó kan ní ọ́fíìsì ṣe fẹ́ bá irinwó ènìyàn wá ṣọ́ọ̀bù, kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n sì dúró tì wọ́n lọ́jọ́ ìṣílé.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí orí 21, níbi tí ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà wà, èyí tí olùṣàyẹ̀wò láti ìta ti fọwọ́ sí. Ẹ wá ìlà méjì: èyí tó ń jẹ́ owó ìwọlé, àti èyí tó ń jẹ́ ìdá tó wá láti inú títà. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ bá ṣì ń fi owó ìwọlé gbé ara rẹ̀ ró, tí ìdá títà sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè yín. Bí owó ìwọlé tuntun bá dẹ́kun lọ́sẹ̀ kan, kò sí ohun tí wọn yóò fi sanwó òṣìṣẹ́.

Apá kan nínú ẹ̀sùn FTC lórí Burgerim ni pé wọ́n fi àwọn ohun kan pamọ́ tí òfin ní kí wọ́n sọ nínú ìwé yẹn. Ẹnì kan lè wá ní, ṣé bí ìwé náà bá lálèébù, kí ni àǹfààní kíkà á? Ibi tó bá ṣófo náà ń sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n fún yín tí kò ní orúkọ àwọn tó ti kúrò, tàbí tí ìṣirò owó rẹ̀ kò pé, ẹ má fi owó yín lé e. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ kì í ka ìwé náà kó tó dé ọwọ́ yín. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí olórúkọ tà níbẹ̀, bíi Maryland, New York, Virginia, California. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Maryland ní ojú mìíràn tó ń bá a ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston tàbí Atlanta kò ní, nítorí Texas àti Georgia kò ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò sì tó gbẹ́kẹ̀ lé. California tó kọ́kọ́ ṣe òfin franchise ní 1970 ni Burgerim fìdí kalẹ̀ sí.

Ọgbọ́n kí olórúkọ máa fi owó ìwọlé jẹun kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní ìlú Nashville, lọ́yà kan tó tún jẹ́ olóṣèlú, John Jay Hooker, rí bí adìyẹ díndín Kentucky Fried Chicken ṣe ń sọ èèyàn dolówó. Òun náà wá orúkọ kan yá: Minnie Pearl, obìnrin aláwàdà tí gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ fìlà tó máa ń dé, tí bébà iye owó rẹ̀, 1.98 dọ́là, ṣì máa ń rọ̀ dirodiro lára rẹ̀ bíi pé ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀. Àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe adìyẹ. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi orúkọ Mahalia Jackson, akọrin ìhìnrere, sí adìyẹ mìíràn tí wọ́n fẹ́ tà ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú.

Wọ́n ta ẹ̀tọ́ ṣọ́ọ̀bù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ṣí. Inú ìwé ìṣirò ni ọgbọ́n náà wà. Ọjọ́ tí èèyàn bá fọwọ́ síwèé pé òun yóò ra ẹ̀tọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, wọ́n á kọ gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ bí èrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló san, tó jẹ́ ìlérí ni ìyókù, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì din itan adìyẹ kan ṣoṣo. Èrè náà ga lórí bébà, ìpín ìdókòwò wọn sì gbówó lórí gọbọi. Nígbà tí àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, èrè ọ̀hún yọ́ dànù. Kò pẹ́ tí òwò náà fi dẹnu kọlẹ̀. Ní 1981, àwọn tó ń ṣòfin ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé olórúkọ kò gbọdọ̀ ka owó ìwọlé sí owó tó ti wọlé títí tí yóò fi ṣe gbogbo ohun tó ṣèlérí fún olùrà, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí nígbà náà pé ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ ti ṣí. Òfin yẹn tún ìwé ìṣirò ṣe. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti máa gba owó náà.

Ẹ wá fi èyí wé bí Ray Kroc ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta orúkọ McDonald's ní 1955. Owó ìwọlé rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 950 dọ́là péré. Ìdá tó ń yọ nínú títà jẹ́ 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú rẹ̀ ló sì tún ti ń fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McDonald tó ni orúkọ gan-an ní 0.5. Ìwọ̀nba tó kù sí i lọ́wọ́ kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbọ́ bùkátà. Nígbà tó rí ọ̀nà mìíràn láti pawó, tó ń gba ilẹ̀ tó sì ń yá a fún àwọn tó ń lo orúkọ rẹ̀, owó ilé yẹn náà ń bá títà wọn lọ. Kroc kì í ṣe ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè gbà là bí àwọn tó ń dáná fún un kò bá là.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí olórúkọ ń gbà jẹun, òun ló sì ṣòro jù láti rí. Quiznos, àwọn oníbúrẹ́dì alẹ́ran láti Denver, ní ṣọ́ọ̀bù tó tó 5,000 nígbà tí iná wọn ń jó. Ohun tí àwọn tó yá orúkọ wọn sọ nílé ẹjọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó tan mọ́ olórúkọ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ra ẹran, wàràkàṣì àti bébà, ní iye tó ju ti ọjà lọ. Ṣọ́ọ̀bù kún fún èrò, ẹni tó ni ín sì ń jẹ gbèsè. Ní 2014, Quiznos sá sábẹ́ òfin gbèsè. Orí 8 nínú ìwé ìfihàn ló ń sọ ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ máa ra nǹkan àti ohun tí olórúkọ ń rí níbẹ̀. Kò gùn.

Bí ìwé bá ti parí, fóònù ló kàn. Orí 20 yẹn kan náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń lo orúkọ náà lọ́wọ́, àti ti àwọn tó kúrò lọ́dún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ tó ń tajà yóò fún yín ní orúkọ mẹ́ta tó ní kí ẹ pè. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pe àwọn mìíràn. Àwọn tó ti kúrò ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe nítorí pé inú ń bí wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ bi wọ́n pé: oṣù mélòó ló wà láàárín ìgbà tí ẹ sanwó àti ìgbà tí ẹ ṣí? Èló lẹ ná kí ẹ tó ta ohunkóhun? Ta ló wá dúró tì yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mélòó ló sì lò? Bí ẹnì kan bá dáhùn pé òun kò lè sọ̀rọ̀, ẹ padà sínú ìwé. Òfin ní kí olórúkọ sọ ọ́ níbẹ̀ bí ó bá ti mú kí àwọn kan fọwọ́ sí i, láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé àwọn kò ní í sọ ohun tí ojú àwọn rí.

Ìlérí pé owó yín yóò padà wá ńkọ́? Ẹ béèrè ibi tó wà nínú àdéhùn, kí ẹ ka gbólóhùn náà sókè níwájú wọn. Àdéhùn franchise sábà máa ń ní ìlà kan lápá ìparí tó ní ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, a kò sọ ọ́. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu rẹ̀ sọ nínú ilé ìtura, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún yín ní tíì, ìlà yẹn ti gbé e mì. Ẹni tí olórúkọ rú òfin FTC lára rẹ̀ kò sì lè fi òfin náà fúnra rẹ̀ pe ẹjọ́; àjọ yẹn nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, àjọ náà sì máa ń dé lẹ́yìn tí owó ti lọ. Nínú ọ̀rọ̀ Burgerim, ó ti lé ní ọdún méjì tí ilé-iṣẹ́ náà ti dojú dé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló tipasẹ̀ Mr Bigg's, tí UAC bẹ̀rẹ̀ ní 1986, mọ̀ pé èèyàn lè fi owó tirẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Nàìjíríà kò ní òfin tó dá dúró fún franchise, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó ní orí 23. Ẹ lè béèrè àwọn ohun kan náà lọ́wọ́ olórúkọ: iye tó ti tà, iye tó ti ṣí, nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ń lò ó, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta. Ẹ sì lè lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ti ń lò ó lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ ka iye èèyàn tó wọlé.

Bí olórúkọ náà bá ti òkè òkun wá, ìdánwò mìíràn tún wà. Òfin 1979 tó dá àjọ ìjọba Nàìjíríà tí a ń pè ní NOTAP báyìí sílẹ̀ ní kí wọ́n fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, báǹkì kò lè fi owó orúkọ ránṣẹ́ sókè òkun lọ́nà tó bófin mu. Olórúkọ tó bá ń retí ìdá rẹ̀ nínú títà yín fún ọdún mẹ́wàá, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ NOTAP sílẹ̀ lójú yín. Èyí tí kò béèrè rẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ ó san owó ìwọlé sí nìkan ló ń fi ránṣẹ́, kò retí pé ẹ ó ta nǹkan kan.